Ìlà Kan Péré Tó So Lẹ́tà Pọ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ACEGID, ibùdó ìwádìí jínóòmù àrùn àkóràn ní Redeemer's University nílùú Ẹdẹ, ka jínóòmù kòkòrò àrùn Kòrónà tí wọ́n gbà lára ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà ní Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ló ń darí wọn, ìyẹn sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Jínóòmù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30,000 lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ A, C, G àti T ni lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ ọ́.

Aráyé ti yin ẹ̀rọ tó ń ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kékeré tí wọn kì í wò lẹ́ẹ̀mejì ni mo fẹ́ yìn: síso lẹ́tà pọ̀. Nínú fáìlì jínóòmù, ìlà kúkúrú kúkúrú ni lẹ́tà sábà máa ń wà. Ẹni tó ń lo èdè kọ̀ǹpútà Python lè kó wọn sí list tó wà nínú list, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní list tirẹ̀. Ohun tí ọ̀jáfáfá yóò kọ kí gbogbo rẹ̀ tó di ọ̀kan nìyí:

''.join(''.join(ila) for ila in gbogbo_ila)

Ẹ wo àmì '' tó ṣófo níwájú join kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ni Python yóò fi sáàárín lẹ́tà. Bí àlàfo kan ṣoṣo bá yọ́ wọ ibẹ̀, ipò gbogbo lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ti yẹ̀. Ipò 23,403 ni A ti di G nínú irú kòkòrò tó gba gbogbo ayé kan lọ́dún 2020. Nínú Python, 23,402 lèèyàn yóò tẹ̀, torí òdo ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹni tó bá sọ lẹ́tà kan nù ṣáájú ibẹ̀, ibòmíràn ló ń wò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ N sí àyè lẹ́tà tí ẹ̀rọ kò rí kà dájú.

Inú join gan-an ni ẹwà wà. Ẹni tó ń fi + so lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lè máa da gbogbo rẹ̀ kọ lákọ̀tun nígbà kọ̀ọ̀kan, torí string, ìyẹn ọ̀wọ́ lẹ́tà, kì í yí padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá a. join kọ́kọ́ ṣírò gígùn gbogbo wọn, ó wá àyè lẹ́ẹ̀kan, ó sì tò wọ́n síbẹ̀, bí aránṣọ tó wọn aṣọ tán kó tó gé e. Kì í méfò rárá. Bí o bá gbé list fún un níbi tó ti ń retí string, yóò dúró lójú ẹsẹ̀, yóò sì sọ ipò tí àṣìṣe wà.

Àwọn kan fẹ́ràn láti lo map, irinṣẹ́ mìíràn nínú Python, níbí torí ó kúrú. Mo yan èyí tí mo kọ sókè, torí ẹni tó bá kà á yóò rí ìgbésẹ̀ méjèèjì kedere: síso lẹ́tà ìlà kọ̀ọ̀kan, àti síso àwọn ìlà pọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ Python l'Ẹ́dẹ, ẹ ka iye lẹ́tà yín kí ẹ tó so wọ́n, kí ẹ sì tún kà á lẹ́yìn tí ẹ bá so wọ́n tán. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba.