Fọ́tò Tí Kò Séèyàn Nínú Rẹ̀

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, mo fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí màámi ní Ìbàdàn: àtùpà òkúta tó wà létí omi Tidal Basin ní Washington, tí òdòdó ṣẹ́rì yí ká. Èrò pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà bí ọjọ́ ọjà, àmọ́ mo fi fóònù pa gbogbo wọn rẹ́. Lójú tèmi, fọ́tò mi ti dà bí ti àwọn tẹ́ńpìlì Kyoto tí gbogbo wa ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì: òrùlé dúdú, òdòdó funfun, kò séèyàn.

Màámi fi ohùn fèsì lórí WhatsApp: "Ó dára o. Ṣùgbọ́n ṣé ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀ ni? Kò sẹ́ni tó bá ọ lọ?"

Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti gbádùn irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwọn tó ń yà wọ́n mọṣẹ́, mi ò jiyàn. Wọ́n ń jí dé Kiyomizu-dera kí èrò tó dé, wọ́n sì mọ ìgbà tí oòrùn á kan ewé. Ẹ̀sùn mi ni pé fọ́tò náà ń sọ pé ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ àríyá ni sakura. Àwọn ará Japan á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu. Hanami ni wọ́n ń pè é. Òdòdó tí kì í pẹ́ rẹ̀ dànù, ìdí àpéjọ ni.

Àtùpà yẹn gan-an, ọdún 1651 ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Tẹ́ńpìlì Kan'ei-ji ní Ueno, Tokyo, ló wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ ní 1954, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ogun. Igi 2,000 tó kọ́kọ́ dé ní 1910 ní kòkòrò, wọ́n dáná sun wọ́n. 3,020 míì dé ní 1912. Àlejò bíi tiwa ni wọ́n, èèyàn ló gbìn wọ́n kí wọ́n tó ta gbòǹgbò. Kí ló dé tí a wá ń pa èèyàn rẹ́?

Ẹ wo iṣẹ́ J.D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà tó kú ní 2014. Láti 1968 ló ti ń ya irun orí àwọn obìnrin. Irun náà kì í pẹ́ tú, bíi sakura. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà, síbẹ̀ a mọ̀ pé ẹnì kan jókòó, ẹnì kan sì bá a ṣe é.

Ní 2024, wọ́n fẹ́ gé igi ṣẹ́rì tó lé ní ọgọ́rùn-ún láti tún ògiri etí omi ṣe, títí kan èyí tí wọ́n ń pè ní Stumpy. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan wakọ̀ láti Fort Washington, a gba Indian Head Highway lọ dágbére fún un. Èrò ti tò síwájú igi náà. Obìnrin kan tí a ò mọ̀ rí bá wa ya fọ́tò. Ìka rẹ̀ wọnú àwòrán, orí ẹlòmíì bo ìdajì òdòdó. Mi ò pa nǹkan kan rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ránṣẹ́ sílé.

Màámi ò sọ nǹkan kan nípa òdòdó. Ó ní, "Ta nìyẹn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yín?"