Láti Kétu dé Bódìjà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé ní apá ìlú tí a lè pè ní Ìbàdàn tuntun, láti Bódìjà dé Àgbowó, láti Dùgbẹ̀ dé Ring Road àti Challenge. Bí wọ́n bá jókòó ní ìrọ̀lẹ́, tí iná mànàmáná sì ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré, ẹnìkan yóò sọ bí nǹkan ṣe ń lọ déédéé ní Kútọnu, ẹlòmíràn yóò mú Accra wá. Kò ní pẹ́ tí àgbà kan yóò fi fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀: àṣà wa ni kò dára, bí ará ìlú bá ti rí ni ìjọba wọn ṣe máa ń rí. Gbogbo ilé á sì mi orí. Ọ̀rọ̀ náà jọ ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó sọ ọ́ dà bí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́tí dáadáa, ẹlòmíràn ni ó ń bá wí: awakọ̀, ọlọ́jà, ọlọ́kadà, àwọn tí wọn kò sí nínú yàrá náà láti dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí ìwọ̀n. Bí ó bá jẹ́ pé àṣà ni ó ń bí ìjọba, níbi tí àṣà bá ti jẹ́ ọ̀kan, ìjọba kò gbọdọ̀ yàtọ̀ jìnnà. Kò sí ìdí fún wa láti máa méfò, nítorí ìtàn ti dán an wò ní ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò ní Paris, wọ́n sì fa ìlà kan láti etí òkun lọ sókè. Ìlà náà gba àárín Kétu àti Ìmẹ̀kọ kọjá. Kétu, ọ̀kan nínú àwọn ìlú aládé àtijọ́, bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó ti ń wo ojú Alákétu gẹ́gẹ́ bí olórí rẹ̀, bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè wọn kò yàtọ̀, oríkì wọn bára tan, ọmọ ìyá sì wà ní ìhà méjèèjì. Ẹrù Dàhòmì, tí ó fọ́ Kétu ní 1886, ti ba àwọn méjèèjì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú ni ó kọ́kọ́ fi ìtàn ọba méjì yìí wéra fún wa, iṣẹ́ rẹ̀ sì tọ́ sí kí gbogbo ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àṣà àti ìjọba kà á. Faransé kò fẹ́ ọba tí yóò dá dúró. Wọ́n sọ oyè ńlá di oyè akọ̀wé tí ń gba owó orí, tí ń kó àwọn ọ̀dọ́ fún iṣẹ́ àfipáṣe àti fún iṣẹ́ ológun. Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn fẹ́ràn láti máa ti ẹ̀yìn ọba ṣèjọba, nítorí náà wọ́n fún Onímẹ̀kọ ní àyè tí àwọn baba rẹ̀ kò ní rí. Kí ìran kan tó kọjá, kékeré ti ga, ńlá sì ti wálẹ̀. Nígbà tí ogun 1914 dé, tí Faransé ń fi agbára mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé di ẹrù wọn, wọ́n sì sọdá sí ìhà ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí wọ́n sá àti àwọn tí wọ́n gbà wọ́n sílé, àṣà kan náà ni wọ́n ní. Ìjọba ni ó lé wọn.

N kò wí èyí láti yin Gẹ̀ẹ́sì. Ọba tí wọ́n gbé ga ní ìhà tiwa bọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjòyè tí wọ́n máa ń dá ọba lọ́wọ́ kọ́ láyé àtijọ́. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó nìkan ni ó kù tí ó ń bẹ̀rù. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìjọba méjèèjì ni ó tún àṣà ṣe, kì í ṣe àṣà ni ó tún ìjọba ṣe. Títí di òní, ẹnubodè náà kò pín àdúrà. Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá ni ẹ wò: Àjàṣẹ́ ni S. B. J. Oschoffa ti dá a sílẹ̀ ní 1947, Ìmẹ̀kọ ni wọ́n sì sin ín sí nígbà tí ó kú ní 1985, ibẹ̀ sì ni àwọn aláṣọ funfun láti ìhà méjèèjì ń wọ́ lọ ní ọdún Kérésìmesì. Ohun tí ẹnubodè pín ni ẹni tí a ń san owó fún, àti bí a ṣe lè bi í léèrè ohun tí ó fi owó náà ṣe.

Àwọn tí wọ́n ń ti Kútọnu bọ̀ kì í ṣàì mẹ́nu ba àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀, àwọn tí à ń pè ní zémijan, tí wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà tí nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á ní ẹ wò ó, ìlú tí ó létò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n zémijan àti ọ̀kadà, ọdún kan náà ni ìyà bí wọn. Ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kò rí owó oṣù san, àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tí wọ́n jáde ní yunifásítì gun alùpùpù kí wọ́n lè jẹun. Ní àkókò yẹn náà ni ètò SAP ti 1986 ń ti àwọn ọ̀dọ́ tiwa sórí alùpùpù. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìjọba ìlú Kútọnu kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ó fún wọn ní nọ́ńbà, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ wọn lójú gbangba. Ní Ìbàdàn, a fi owó gbígbà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ garéèjì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019 ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní kí ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW ṣíwọ́ iṣẹ́, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ mìíràn dìde láti máa bójú tó garéèjì. Ní 2023 wọ́n tún tú ìgbìmọ̀ náà ká. Lójú tèmi, aṣọ ni wọ́n pààrọ̀, ara kan náà ni ó wọ̀ ọ́. Ṣé àṣà awakọ̀ ni ó fa èyí? Àwọn awakọ̀ ni ó ń sanwó ní gbogbo ìgbà náà, ta sì ni ó bi wọ́n?

Èyí tí ó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ètò Kútọnu tí à ń yìn, epo Nàìjíríà ni ó ń wakọ̀ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹ wo inú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n tò sí ẹ̀bá títì, èyí tí wọ́n ń pè ní kpayo: epo tí wọ́n gbé sá gba Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdìrókò kọjá, tí ìjọba wa ti fi owó ẹ̀dínwó lé lórí. Nígbà tí Ààrẹ Tinúbú kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ẹ̀dínwó orí epo ti lọ, kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni ó ké. Owó kpayo gbẹ́sẹ̀ sókè ní Kútọnu pẹ̀lú. Aládùúgbò tí a ń yìn pé ilé rẹ̀ tutù, nínú kòǹga tiwa ni ó ti ń pọnmi.

Ọ̀rọ̀ àpérò ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo èyí, òun náà ni a sì ń gbójú fò jù. Ní oṣù kejì ọdún 1990, àwọn aṣojú bí 500 péjọ ní Kútọnu, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ni alága, wọ́n sì kéde pé àwọn ni àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn. Mathieu Kérékou, ológun tí ó ti gbàjọba láti 1972, jókòó síbẹ̀, ó sì gbà. Ní 1991 wọ́n dìbò, Nicéphore Soglo borí rẹ̀, ó gbé ìjọba sílẹ̀. Ní ọdún 1990 yẹn kan náà, Alàó Aka-Bàṣọ̀run àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe irú àpérò bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Ìjọba Babangida rán ọlọ́pàá, àpérò náà kò sì wáyé. Lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, kò sí ọgbà yunifásítì tí a kò ti gbọ́ orin àpérò, títí a fi rí ọ̀kan ní 2014 tí ìwé rẹ̀ wọ inú àpótí.

Ta ni yóò sọ pé àṣà ni ó yà wá? Ìjókòó àgbà lábẹ́ igi wà ní Kétu, ó wà ní Ìbàdàn. Owó ni kí a wádìí. Ní 1989 gbogbo báńkì ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀, owó oṣù ti di àléébá, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti dá iṣẹ́ dúró. Kérékou kò ní owó epo ńlá tí yóò sá lọ bá. Àwọn tí ó lè yá a lówó ń béèrè pé kí ó bá ará ìlú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Babangida ní epo. Ìjọba tí kò nílò àpò rẹ kò nílò etí rẹ.

Ìbàdàn mọ ọ̀rọ̀ yìí ju bí ó ti ń jẹ́wọ́ lọ. Owó kòkó ni ó kọ́ Ilé Kòkó tí ó dúró ní Dùgbẹ̀ láti 1965, owó kòkó àti owó orí ni ó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 dúró. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ rí i pé owó orí ń pọ̀ sí i, tí ọ̀nà oko wọn sì ń bàjẹ́ sí i, wọ́n dìde ní 1968. Ogun Àgbẹ̀kọ̀yà nìyẹn. Ó gba kí Awólọ́wọ̀ lọ bá Tàfá Adéoyè sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó rọ̀, ìjọba sì dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ṣòfò, n kò ní fi oyin sí i. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ tí wọn kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nì, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àṣà wọn kò jẹ́ kí wọ́n bi ìjọba léèrè.

Ẹnìkan yóò sọ pé Tógò ńkọ́? Tógò kò ní epo, wọ́n sì ṣe àpérò tiwọn ní 1991. Ó tọ́ kí a gbà pé owó nìkan kò tó láti ṣàlàyé. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, àwọn ọmọ ogun Eyadéma lọ mú olórí ìjọba tí àpérò yàn nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ìbọn ni ó dáhùn ọ̀rọ̀. Láti 1967, bí a bá yọ oṣù díẹ̀ kúrò ní 2005, baba àti ọmọ ni ó ti ń ṣèjọba níbẹ̀. Ní 2025 ọmọ náà tún bọ́ sí ipò mìíràn tí òfin tuntun dá sílẹ̀. Ìbàdàn tí à ń pè ní ìlú ọba wá ńkọ́? Kò sí ọmọ Olúbàdàn tí ó ń jogún ìtẹ́ baba rẹ̀. Mọ́gàjí ni yóò bẹ̀rẹ̀, yóò sì gun àkàsọ̀ oyè ní ìkọ̀ọ̀kan. Ládọjà, tí wọ́n fi ọgbọ́n òṣèlú àmàlà ti Mọ̀lété yọ kúrò nípò gómìnà ní 2006 tí ilé ẹjọ́ sì dá a padà, ìtò oyè ni ó gbé e dé ìtẹ́ ní 2025. Èwo wá ni ìjọba olómìnira, èwo ni ti ọba?

Bẹ̀nẹ̀ pàápàá kò dúró sójú kan. Ní ìbò ilé aṣòfin ti 2019, kò sí ẹgbẹ́ alátakò kan lórí ìwé ìdìbò. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2025, àwọn ọmọ ogun kan gbìyànjú láti gbàjọba, ọkọ̀ òfuurufú ogun Nàìjíríà sì wà lára ohun tí ó dá wọn dúró. Àṣà àwọn ará Kútọnu kò yí padà láàárín 1990 sí ìgbà náà.

Mo padà sí Bódìjà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó gé ilẹ̀ rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, pẹ̀lú títì àti omi ẹ̀rọ. Lónìí, onílé kọ̀ọ̀kan gbẹ́ kòǹga dẹ́rọ̀ tirẹ̀, ó ra jẹnẹrétọ̀, ó gba ọdẹ, ó ṣe géètì. Ìjọba ìbílẹ̀ ni onílé kọ̀ọ̀kan. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ohun abúgbàù tí gómìnà sọ pé àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé kan dún ní Bódìjà Àtijọ́, gbogbo Ìbàdàn sì gbọ́ ọ. Àwọn ènìyàn kú, ilé wó lọ bẹẹrẹ. Ìbéèrè tí ó yẹ kí gbogbo ilé tí ó ní géètì bi ara rẹ̀ nígbà náà kò ju pé ta ni ó ń gbé lẹ́yìn ògiri kejì.

Síbẹ̀, àwọn onílé yìí ní ẹgbẹ́. Wọ́n ń dá owó ọdẹ àti owó títì ní oṣooṣù, akápò sì mọ̀ pé bí òun bá pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan kí òun tó ka ìṣirò, wọn kò ní jẹ́ kí òun jókòó. Mo ti gbọ́ bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ń jà lórí owó gílóòbù mẹ́ta. Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàdàn, tí Bódìjà àti Àgbowó wà lábẹ́ rẹ̀, ń gba owó tirẹ̀ láti Àbújá ní oṣù kan náà. N kò tíì bá ẹnìkan pàdé nínú ìpàdé náà tí ó ti béèrè ìwé ìṣirò yẹn rí.