Èèpo Ẹ̀gẹ́ Tó Di Ọjà

Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń dín gaàrí kọjá lọ́jọ́ òjò kò ní béèrè ibi tí òórùn ti ń wá. Òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ ni. Omi dúdú á máa ṣàn lábẹ́ rẹ̀ wọ gọ́tà. Bó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á tiná bọ̀ ọ́, èéfín á gba àdúgbò. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù láyé, èèpo tó ń tara rẹ̀ jáde lọ́dún kan sì ju mílíọ̀nù 10 tọ́ọ̀nù lọ. Ewúrẹ́ ń jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ìyókù, ààtàn.

Àwọn onímọ̀ ILRI, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn, tí wọ́n wà nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, n'Íbàdàn, ló jókòó ti ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi rí ọ̀nà tí èèpo yìí fi lè di oúnjẹ adìyẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹja. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tuntun kankan ò pọn dandan. Ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́, jáàkì, ajọ̀, agbada: ìdí gaàrí ni gbogbo wọn ti wà tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lò ló kù, ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń ta èèpo náà fún àwọn tó ń po oúnjẹ adìyẹ.

Ìdí ọ̀bẹ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í jẹ́ kí èèpo kan ilẹ̀; ọ̀rá fífẹ̀ ló ń bẹ ẹ́ sí, nítorí iyanrìn ń ba ọjà jẹ́ ju ohunkóhun lọ. Á ṣa ìdí ẹ̀gẹ́ tó ti le bí igi kúrò. Ọjọ́ náà gan-an ló sì gbọ́dọ̀ rin ín, torí èèpo tó bá sùn mọ́jú nínú òkìtì á máa gbóná, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń gba inú ẹ̀rọ. Ojú tí kò mọ̀ á ní epo dísù ni wọ́n ń fi ṣòfò. Ṣùgbọ́n oró sáyánáìdì inú èèpo ju ti inú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ lọ, bó bá sì ṣe kúnná tó ni oró ń rọ́nà jáde tó, tí omi náà sì ń fún dáadáa. Nídìí jáàkì, a kì í kánjú: á fún un díẹ̀, á dúró kí omi ro, á tún fún un. Oníwàǹwára á bẹ́ àpò. Lẹ́yìn náà ni á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á dì í mú, á la ọwọ́. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá tutù, ó ń padà sábẹ́ jáàkì nìyẹn. Bó bá fọ́ wẹ́wẹ́, ó ti tó.

Èèpo tí wọn ò rin lè lo ọjọ́ mẹ́ta lóòrùn, kí èébu sì ti wọ̀ ọ́ kó tó gbẹ. Èyí tí wọ́n ti rin tí wọ́n sì ti fún, bí oòrùn bá mú, ọjọ́ kan ti tó o, bí wọ́n bá tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n sì ń rò ó lóòrèkóòrè. Ajọ̀ á wá pín in sí méjì: èyí tó kúnná fún adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀, èyí tó rí ṣákaṣàka fún ewúrẹ́ àti màlúù.

Oníbàárà á dé, á ti ọwọ́ bọ ẹnu àpò.

“Màmá, ṣé kò tutù nísàlẹ̀?”

“Ẹ ki ọwọ́ yín bọ ìdí rẹ̀, sà. Ẹ má dúró sókè.”

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń po oúnjẹ ẹran fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ àyíká, ṣùgbọ́n ìgbà tí àgbàdo tí wọ́n fi ń pò ó bá wọ́n ni wọ́n ń rántí èèpo. Mi ò bá wọn jà, ọjà ni. Ohun tó ń mú wọn padà wá ni pé àpò kẹwàá rí bí àpò kìíní. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ló ń di tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ, nítorí náà ẹni tó bá jìnnà sí àwọn tó ń dín gaàrí, owó mọ́tò ló máa fi èrè rẹ̀ san. Èyí tó wà nítòsí wọn ló ń jèrè, òun náà ló sì ń palẹ̀ ààtàn mọ́.

Omi abẹ́ jáàkì ńkọ́? Bí wọ́n bá jẹ́ kó ṣàn wọ odò, ẹja á kú, n kò sì ní pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìtọ́jú àyíká. Kòtò ló yẹ kí wọ́n darí rẹ̀ sí. Nígbà òjò, àwọn kan ń fi agbada yan èèpo náà, igi ìdáná á sì jẹ èrè. Àwọn tó gbọ́n kì í mú un gbẹ rárá nígbà náà: bó ṣe ti abẹ́ jáàkì jáde ni wọ́n ń tà á fún àwọn ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ ìtòsí, ní owó pọ́ọ́kú, kó tó ṣú.