Wíwo Ìdí Kọ́ńgò: Lámèyítọ́ Àyẹ̀wò Prósẹ́sọ̀ Kọ̀ǹpútà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ irú ìkọ̀wé kan tí àwọn olùrà ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá ń gbára lé, èyí ni àyẹ̀wò prósẹ́sọ̀. Àyẹ̀wò kan tí ó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni iṣẹ́ náà gùn lé jù lọ. Ohun tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé èsì ìdánwò lè jẹ́ òótọ́ kí ìdájọ́ tí wọ́n gbé kà á lórí má sì tọ́, àti pé ìdọ́gba ipò pẹ̀lú àìfi-nǹkan-pamọ́ ni òpó tí àyẹ̀wò òdodo dúró lé.

Ìfáárà

Nínú ọjà Yorùbá, ẹni tí ó mọ gàrí rà kì í wo ẹnu kọ́ńgò nìkan. Yóò wo ìdí rẹ̀ pẹ̀lú, bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Kọ́ńgò tí ìdí rẹ̀ ti wọnú lè kún dẹ́nu kí gàrí inú rẹ̀ má sì pé. Ẹni tí ó ń tà kò purọ́ pé kọ́ńgò kún. Òṣùwọ̀n gan-an ni ó ní àbùkù.

Irú ojú báyìí ni ó yẹ kí a fi wo àyẹ̀wò prósẹ́sọ̀. Prósẹ́sọ̀ ni ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣe ìṣirò tí ó sì ń darí àwọn ẹ̀yà yòókù. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń pè é ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Olùrà kò lè tọ́ ọ wò bí ọbẹ̀, kò sì lè fi ojú lásán mọ èyí tí ó dára. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti dán an wò ni yóò gbà gbọ́ kí ó tó ná owó rẹ̀. Láti ọdún 1996 tí Thomas Pabst ti dá Tom's Hardware sílẹ̀, àti ọdún 1997 tí Anand Lal Shimpi dá AnandTech sílẹ̀, èyí tí ó kógbá sílé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ni irú ìkọ̀wé yìí ti ní ìlànà tirẹ̀: àlàyé lórí bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá prósẹ́sọ̀, àtẹ èsì ìdánwò, àfiwé, àti ìdájọ́. Ohun tí ó ní ìlànà, tí ó sì ń ṣe ìdájọ́, yẹ fún lámèyítọ́.

Ohun Tí Wọ́n Ń Wọ̀n

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ bi àyẹ̀wò ni pé kí ni ó wọ̀n? Nígbà tí Intel gbé Pentium 4 jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2000, gigahertz 1.4 àti 1.5 ni wọ́n fi polówó rẹ̀. Iye ìgbà tí prósẹ́sọ̀ ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni gigahertz ń kà. Ṣùgbọ́n ìlù kan kò bá ìlù kejì dọ́gba: prósẹ́sọ̀ kan lè lù púpọ̀ kí ó má ṣe iṣẹ́ púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń gbé ẹsẹ̀ kéékèèké ṣe lè gbé ẹsẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹlẹ́sẹ̀ gígùn sì tún ṣíwájú rẹ̀. Ìdí nìyí tí AMD fi pe Athlon XP kan ní 1800+ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2001, nígbà tí gigahertz rẹ̀ kò ju 1.53 lọ. Ìjà gigahertz ni wọ́n ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ni wọ́n tún sọ iye tuntun náà. Aṣàyẹ̀wò tí ó bá kàn tún ìpolówó ẹnì kan nínú wọn sọ kò tíì ṣe àyẹ̀wò kankan. Iṣẹ́ tí olùrà yóò fi kọ̀ǹpútà ṣe ní ti gidi ni ó yẹ kí ó fi dán an wò.

Àyẹ̀wò Oṣù Kẹwàá Ọdún 2018

Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, ọdún 2018, Intel kéde prósẹ́sọ̀ Core i9-9900K, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ rà á sílẹ̀. Ní àsìkò kan náà ni àyẹ̀wò kan jáde láti ọ̀dọ̀ Principled Technologies, ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Durham, ìpínlẹ̀ North Carolina, ní Amẹ́ríkà. Intel ni ó gbé iṣẹ́ náà fún wọn. Eré orí kọ̀ǹpútà 19 ni wọ́n fi ṣe ìdánwò, Ryzen 7 2700X tí AMD ṣe sì wà lára àwọn tí wọ́n fi ṣe àfiwé. Èsì wọn gbé Intel ga púpọ̀. Àdéhùn tí àwọn aṣàyẹ̀wò mìíràn bá Intel ṣe kò sì jẹ́ kí wọ́n lè gbé èsì tiwọn jáde títí di ọjọ́ 19 oṣù náà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Fún ọjọ́ mọ́kànlá, ẹjọ́ ẹnìkan nìkan ni olùrà rí gbọ́, ọwọ́ sì ti wà lápò.

Àwọn aṣàyẹ̀wò Hardware Unboxed ní Ọsirélíà àti Gamers Nexus ní Amẹ́ríkà tú ìròyìn náà palẹ̀, wọ́n sì rí àbùkù pàtàkì nínú rẹ̀. Ryzen 7 2700X ní kóò 8. Kóò ni a lè fi wé òṣìṣẹ́ tí ó wà nínú prósẹ́sọ̀. Nínú ètò tí AMD ṣe fún ìdarí prósẹ́sọ̀ rẹ̀ ni ìlànà kan wà tí ó ń jẹ́ Game Mode. Àwọn tí ó ṣe ìdánwò tan ìlànà yìí, bóyá nítorí pé orúkọ rẹ̀ bá eré mu. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣe lórí 2700X ni pé ó ń pa ìdajì kóò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n fi dojú kọ òṣìṣẹ́ mẹ́jọ. Bákan náà, fáànù ńlá tí Noctua ṣe ni wọ́n fi mú prósẹ́sọ̀ Intel tutù, nígbà tí ti AMD lo fáànù tí ó bá a wá nínú páálí.

Ó yẹ kí lámèyítọ́ náà ṣe òdodo níhìn-ín. Ní ti fáànù, àwíjàre wà: Core i9-9900K kì í bá fáànù wá nínú páálí, ẹni tí ó bá rà á gbọ́dọ̀ ra fáànù lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, owó fáànù yẹ kí ó wọ inú ìṣirò, pàápàá nígbà tí Intel fi 488 dọ́là lé 9900K, tí 2700X sì jáde ní 329 dọ́là. Ní ti kóò tí wọ́n pa, kò sí àwíjàre. Ìlànà tí wọn kò kọ́kọ́ yẹ ìṣe rẹ̀ wò ni wọ́n fi ṣe ìdájọ́.

Àwọn Principled Technologies tún ìdánwò náà ṣe láìpa kóò kankan, wọ́n sì gbé èsì tuntun jáde. Àlàfo tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì dín kù, ṣùgbọ́n Intel náà ni ó ṣì ṣíwájú. Nígbà tí àwọn aṣàyẹ̀wò mìíràn gbé èsì tiwọn jáde, ohun tí púpọ̀ nínú wọn rí náà nìyí. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹni tí ó borí yí padà kọ́, ìwọ̀n tí ó fi borí ni ó yí padà. Olùrà kò sì ra ipò kìn-ín-ní. Ìwọ̀n àǹfààní tí yóò rí lórí àfikún owó ni ó ń rà. Àyẹ̀wò tí ó mọ olúborí tí ó sì bu ọlá kún ọlá rẹ̀ ti ṣi olùrà lọ́nà.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a yìn wọ́n fún. Wọ́n kọ gbogbo ètò tí wọ́n lò sínú ìròyìn wọn, láti orí fáànù títí dé orí Game Mode. Àkọsílẹ̀ yìí ni àwọn alátakò fi mú wọn. Bill Catchings, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, tún jókòó níwájú kámẹ́rà Gamers Nexus láti dáhùn ìbéèrè. Àṣìṣe tí a kò fi pamọ́ ṣeé tún ṣe. Èyí tí a fi pamọ́ ni yóò di èké.

Ta Ni Ó Ṣe Òṣùwọ̀n?

Yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe lo òṣùwọ̀n, ó yẹ kí a béèrè ẹni tí ó ṣe é. Ẹgbẹ́ BAPCo, tí Intel jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ni ó ṣe ìdánwò tí ó ń jẹ́ SYSmark. AMD fi ẹ̀sùn kan SYSmark 2002 pé àyípadà inú rẹ̀ ṣe ojúsàájú fún Pentium 4. Wọ́n wọ ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀ ní ọdún 2011 nítorí SYSmark 2012. Nvidia àti VIA náà kúrò. Ní ọdún 2014, Intel gbà láti san 15 dọ́là fún àwọn kan tí ó ra kọ̀ǹpútà Pentium 4 láàrin ọdún 2000 sí 2002, láti parí ẹjọ́ tí wọ́n pè lórí irú èsì bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Intel kò gbà pé òun jẹ̀bi. Ọwọ́ AMD náà kò mọ́ pátápátá: ní ọdún 2019 ni ó gbà láti san mílíọ̀nù 12.1 dọ́là láti parí ẹjọ́ àwọn olùrà tí ó sọ pé prósẹ́sọ̀ FX tí wọ́n pè ní oníkóò 8 kò ní kóò 8 ní tòótọ́.

Èyí tí ó yẹ kí ó yé àwọn olùkọ́ jù lọ ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2024. Àjọ SPEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, wọ́gi lé èsì tí ó lé ní 2,600 lára ìdánwò SPEC CPU 2017. Ohun tí wọ́n rí ni pé ètò kan tí Intel ṣe, tí ó ń túmọ̀ iṣẹ́ sí èdè prósẹ́sọ̀, ti lo ìmọ̀ tí ó ní nípa ìdánwò náà ṣáájú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti rí ìbéèrè kí ó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò lè gba gbogbo máàkì láìjí ìwé ẹnikẹ́ni wò. Máàkì náà pé, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà mọ̀.

Àyẹ̀wò Tí Ó Gba Ìyìn

Kì í ṣe gbogbo aṣàyẹ̀wò ni wọ́n ń tẹ̀ síbi tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá tẹ̀ sí. Ní òpin oṣù Keje ọdún 2000, Intel gbé Pentium III onígigahertz 1.13 jáde. Thomas Pabst dán an wò, ó sì rí i pé kò lè parí iṣẹ́ kan tí ó le, èyí ni kíkó ètò Linux jọ, láìdákú. Kò fi mọ síbẹ̀. Àwọn aṣàyẹ̀wò mìíràn tún ìdánwò náà ṣe lórí prósẹ́sọ̀ tiwọn, wọ́n sì rí ohun kan náà. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, Intel ti kó prósẹ́sọ̀ náà kúrò lọ́jà. Ẹnu tí ó jẹ dọ̀dọ̀, wọ́n ní kò lè sọ òdodo. Àpẹẹrẹ yìí fi hàn pé ó lè sọ ọ́, bí ẹlòmíràn bá lè tún ohun tí ó ṣe ṣe kí ó sì rí ohun tí ó rí.

Ipò Olùrà

Òdodo kò parí sórí olùdíje méjèèjì. Ó kan ẹni tí ó ń kàwé náà. 95 watt ni Intel kọ sí ara 9900K, ṣùgbọ́n iná tí ó ń jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa nígbà tí gbogbo kóò rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Olùrà ní Ìkẹjà tàbí Ìbàdàn tí ó ń fi jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì ṣiṣẹ́ nílò láti mọ èyí ju iye àwòrán tí eré kan ń gbé jáde lọ. Àyẹ̀wò tí ó dákẹ́ lórí iná àti ooru kò purọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

Ìgúnlẹ̀

Láti inú ohun tí iṣẹ́ yìí ti gbé yẹ̀ wò, ìbéèrè mẹ́rin ni a lè fi wo ìdí kọ́ńgò àyẹ̀wò prósẹ́sọ̀. Èkíní, ǹjẹ́ iṣẹ́ gidi ni wọ́n fi dán an wò? Èkejì, ǹjẹ́ ipò àwọn olùdíje dọ́gba, ìyẹn nínú ètò, fáànù àti owó? Ẹ̀kẹta, ta ni ó san owó ìdánwò, ta ni ó sì ṣe òṣùwọ̀n? Ẹ̀kẹrin, ǹjẹ́ wọ́n kọ ohun gbogbo sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn fi lè tún un ṣe? Ìbéèrè kẹrin yìí ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé òun ni ó ń jẹ́ kí àṣìṣe àwọn mẹ́ta yòókù hàn síta. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Olùrà tí ó bá kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí kí ó tó tú àpò rẹ̀ kò ní í fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra èké.