Omi Tó Ṣẹ́ Kù Nínú Ìkòkò Bàbá Dúdú

Àwọn ìyá tó kọ́ wa ní bàbá dúdú sísè kì í fi ẹ̀rọ kankan wọn ooru, síbẹ̀ súìtì wọn kì í lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, kì í sì í korò. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí àgbọn rírin àti wàrà fífún, alásè ti mọ ìyẹn. Ohun tí àwọn ìyá wọ̀nyí mọ̀ nípa híhó ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, torí ó dá mi lójú pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni: kì í ṣe iná ló ń pinnu bí omi ṣúgà ṣe máa gbóná tó, omi tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò ni. Omi lásán ń hó ní 100°C nílẹ̀ tí kò ga. Bó ti wù kí igi tí a kó sí ìdí àdògán pọ̀ tó, oru ni yóò kàn máa yára jáde, omi náà ò ní gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí omi tó hó, ipá oru tó fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ipá afẹ́fẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣúgà tó ti yọ́ kì í bá oru lọ, ṣùgbọ́n ó ń gba àyè nínú omi, omi tó ń ráyè jáde á wá dín kù, àfi kí ooru pọ̀ sí i. François-Marie Raoult, ará Faransé tó ṣiṣẹ́ ní Grenoble, fi hàn láàárín 1880 sí 1890 pé iye ẹyọ ohun tó yọ́ ló ṣe kókó, kì í ṣe irú ohun tó jẹ́. Ìdí nìyẹn tí òróró àgbọn tó léfòó kò fi kó ipa kankan níbẹ̀: kò yọ́ sínú omi. Àwọn kan á ní iyọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì bù ú sómi kí oúnjẹ lè tètè jinná. Ó ń ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n gíráàmù 58 iyọ̀ nínú lítà omi kan kò gbé e sókè ju nǹkan bí 1°C lọ, omi òkun pàápàá kò sì níyọ̀ tó yẹn. Ta ni yóò jẹ ẹ́?

Agbára ṣúgà wà nínú pé ó lè yọ́ sínú omi lọ́pọ̀lọpọ̀, kó sì dúró nígbà tí omi bá ń lọ. Ká da kílò ṣúgà kan sínú kílò omi kan. Nígbà tó bá kọ́kọ́ hó, kò ní ju nǹkan bí 102°C lọ. Kó tó dé nǹkan bí 110°C, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi yẹn á ti bá oru lọ. Ẹ wò ó: omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ, ooru kò fi mẹ́wàá lé. Ìdá kan tó kù ni lílọ rẹ̀ yóò gbé ìkòkò dé 150°C, níbi tí omi inú rẹ̀ kò ti ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn oníkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ìdúró ti sú wọn, wọ́n á koná mọ́ ọn lásìkò tó yẹ kí wọ́n fa igi jáde. Ìdí ìkòkò á jó, òkè á ṣì lómi. Àwọn mìíràn á da ṣúgà tí wọ́n ti sun tẹ́lẹ̀ sí i kó lè tètè dúdú. Àwọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀rí, iná líle lè mú un dúdú kí omi tó tán.

Ẹ̀rí wà nínú abọ́ omi tútù. Ẹ kán omi ṣúgà sí i, ẹ fi ìka kó o jọ. Ní nǹkan bí 115°C, á rọ̀, á ṣeé ṣù; ní 125°C, á ti le, ṣùgbọ́n á ṣì gba ìka; tó bá kọjá 132°C, á fà, á tẹ̀ kó tó ṣẹ́; ní 150°C, á ṣẹ́ pọ́ọ́, etí á sì gbọ́ ọ. Wàrà àgbọn lè yẹ iye wọ̀nyí díẹ̀, kò yẹ ohun tí ìka ń gbọ́. Ẹnìkan lè ní ẹ̀rọ ìwọnooru ti dé, kí la tún ń fi ìka wá. Mi ò bá ẹ̀rọ jà, ṣùgbọ́n ooru ló ń kà, omi tó kù la sì fẹ́ mọ̀. Jos ga tó nǹkan bíi mítà 1,200, omi lásán ń hó níbẹ̀ ní nǹkan bíi 96°C. Omi ṣúgà tó ń hó ní 115°C l'Ékòó, nǹkan bíi 111°C ni yóò ti máa hó lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá dúró de 115 níbẹ̀ ti sè é kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ lo ẹ̀rọ, kó kọ́kọ́ tì í bọ omi lásán tó ń hó, kó yọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Abọ́ omi tútù kò nílò ìṣirò yẹn. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí a bá fún sínú omi ṣúgà náà ń fẹ́ ìṣọ́ra: ẹ̀kán díẹ̀ kì í jẹ́ kí ṣúgà dì padà, torí ó ń la ẹyọ ṣúgà sí méjì, bó bá pọ̀ jù, ẹyọ á pọ̀, ìkòkò á dé ìwọ̀n ooru tí a ń retí nígbà tí omi ṣì wà níbẹ̀, súìtì á sì máa lẹ̀. Nígbà tí a bá sì fẹ́ kán an wò lẹ́yìn 125°C, kí a kọ́kọ́ gbé ìkòkò kúrò lórí iná, torí omi tó kù níbẹ̀ lè lọ tán ká tó fi ìka kan abọ́.