Rósárì Kì í Ṣe Ọfọ̀

Ẹni tó bá ti gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà tó jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì ní Ìta-Ògbólú á mọ ohùn yẹn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń lọ Àkúrẹ́ ò tíì fọn fèrè, ìyá ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ń kí Màríà. Wọ́n kí i, wọ́n tún kí i. Ọmọdé tó wà lórí ẹní á ti sùn padà kí wọ́n tó parí.

Èmi ni ọmọdé yẹn. Nígbà tí mo wọ yunifásítì, ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé, "Ṣé Ọlọ́run yín dití ni?" Ó ní Jésù fúnra rẹ̀ bá àtúnwí asán wí nínú Mátíù orí kẹfà. Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká yẹ àdúrà yìí wò bí a ṣe ń yẹ ewì wò. Nínú rósárì kan, ìgbà 53 la máa ń kí Màríà: 3 níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 10 lọ́nà márùn-ún. Ìdajì àkọ́kọ́ àdúrà náà wá láti inú Lúùkù orí kìíní, níbi tí áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì àti Èlísábẹ́tì ti kí Màríà. Ẹ̀bẹ̀ ni ìdajì kejì, Ìjọ ló fi kún un nígbà tó yá. Ní 1568, Póòpù Pius Karùn-ún fi odindi rẹ̀ sínú ìwé àdúrà àwọn àlùfáà. Tí a bá ń kà á pọ̀, ẹnì kan á lé e, àwọn yòókù á gbè é. Bí ẹnu sì ṣe ń kí, ọkàn ń wo ìtàn Jésù: ìbí rẹ̀, ìyà rẹ̀, àjíǹde rẹ̀. Àtúnwí náà dà bí ìlù tí kò yí padà. Òun ló ń jẹ́ kí oníjó rí ilẹ̀ tẹ̀.

Ìròyìn tuntun wo ló wà nínú rẹ̀? Kò sí. Ibi tí ọ̀rẹ́ mi ti ṣì í nìyẹn: ó rò pé ọ̀rọ̀ tí kò mú ìròyìn wá, asán ni. Àmọ́ tí o bá kọjá níwájú bàbá àgbà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lo máa kí wọn. Ta ló jẹ́ sọ pé, "Mo ti kí yín lánàá"? Ìyá tó ń ki ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, ṣé ọmọ náà ni kò mọ oríkì ara rẹ̀ ni? Ó gbọ́ ọ lánàá, orí rẹ̀ tún wú lónìí.

Ṣùgbọ́n àwa tó fẹ́ràn rósárì náà ní ẹ̀bi tiwa. Ọ̀pọ̀ wa ti sọ ọ́ di ọfọ̀. A gbé e kọ́ sínú ọkọ̀ kí jàǹbá má bàa ṣe wá. À ń ka iye bí ẹni ń san gbèsè. À ń sáré kà á débi pé ègbè ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹni tó ń lé e tó dákẹ́. Ọfọ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ ni. Tó bá ti pé lẹ́nu, ohun tí a rán an ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ìkíni ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kíni kì í pàṣẹ fún ẹni tó ń kí. Àwọn tó rò pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló máa jẹ́ kí Ọlọ́run gbọ́ tiwọn ni Jésù ń bá wí nínú Mátíù. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi ò jẹ̀bi tán: ẹsẹ Bíbélì rẹ̀ bá àwa tí à ń fi rósárì pe ọfọ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Okúdù, 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn kọlu ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí. Ó kéré tán, ẹni 40 ló kú. Bí rósárì bá jẹ́ ọfọ̀, ọjọ́ yẹn ló yẹ ká sọ ọ́ nù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pe ìyá àgbà lórí fóònù. Wọn ò rí ọ̀rọ̀ sọ, èmi náà ò rí. Nígbà tó ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdajì tiwọn, mo sì gbe tèmi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí mo ti ń kà láti kékeré: àkókò méjì péré ni ẹ̀bẹ̀ náà dárúkọ, ìsinsìnyí àti ìgbà ikú wa. Fún àwọn ará Ọ̀wọ̀ yẹn, méjèèjì ti di ọ̀kan náà.

Tí mo bá tún rí ọ̀rẹ́ mi, mo ti ní èsì. Ọlọ́run ò dití. Àwa ni ọ̀rọ̀ máa ń tán lẹ́nu wa, tó bá sì tán, ìkíni tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa ń kù.