Ẹnìkan Ṣoṣo, Ọgbọ̀n Ojú

Orí ènìyàn ni mo máa ń fi amọ̀ mọ. Nígbà kan, opó kan mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ọkọ rẹ̀ tó di olóògbé wá bá mi. Iwájú nìkan ni fọ́tò náà fi hàn. Etí ò hàn dáadáa, ìpàkọ́ ò sí níbẹ̀ rárá. Ọmọkùnrin rẹ̀ ló sìn ín wá. Bí ìyá náà ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, etí ọmọ yẹn ni mo tẹjú mọ́. Ẹni bíni là á jọ. Etí ọmọ ni mo wò mọ ti bàbá. Nígbà tí ìyá náà wá gba iṣẹ́, ó fọwọ́ kàn án, omi bọ́ lójú rẹ̀: “Ọ̀gá, etí bàbá àwọn ọmọ mi gan-an nìyí.” Mo dákẹ́.

Ìdákẹ́ yẹn ló mú kí iṣẹ́ Heather Dewey-Hagborg, oníṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ olùdámọ̀ràn kan ló jókòó sí tó rí àwòrán onígíláàsì lára ògiri. Gíláàsì náà ti sán, irun kan sì há síbi tó ti sán. Ta ló ni irun yìí? Báwo lojú ẹni náà ṣe rí? Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Lọ́dún 2012, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa irun, ṣingọ́ọ̀mù àjẹtu àti ìdí sìgá nílẹ̀ ní New York.

Genspace, láàbù kan ní Brooklyn tó ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ló ń kó wọn lọ. Á gé irun wẹ́wẹ́, á fi kẹ́míkà yọ DNA inú rẹ̀, á fi ẹ̀rọ sọ ìwọ̀nba náà di púpọ̀, á sì ní kí wọ́n bá òun ka lẹ́tà inú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ibi tí ìran ìyá ẹni náà ti ṣẹ̀, àti àwọ̀ ẹyinjú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá ya ojú, ẹ̀rọ á sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní odindi, bí orí ènìyàn ṣe tó gan-an. Stranger Visions ló pe iṣẹ́ náà.

Ìyá mi àgbà kì í fi irun tó bá já sílẹ̀ lọ́dọ̀ onídìrí. Á ṣà á, á ká a rogodo, á ta á ní kókó sí etí ìró rẹ̀. Ó gbà pé ara ẹni wà nínú irun ẹni. Ohun tí Dewey-Hagborg náà ń kìlọ̀ fáráyé nìyẹn.

Síbẹ̀, òtítọ́ inú iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Lẹ́tà inú DNA kì í sọ ọjọ́ orí, nítorí náà bí ẹni ọdún 25 ló ṣe ń ya gbogbo wọn. Kò sọ ojú àpá, kò sọ ẹ̀rín. Oníṣẹ́ ọnà náà fúnra rẹ̀ ló sọ pé ìjọra ìbátan lásán ló wà níbẹ̀.

Lọ́dún 2015, Chelsea Manning, sójà Amẹ́ríkà tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n torí pé ó tú àṣírí ìjọba síta, fi irun rẹ̀ àti itọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i láti ẹ̀wọ̀n, níbi tí wọn kò ti gbà kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ síta. Nígbà tí Manning jáde lọ́dún 2017, Dewey-Hagborg so ojú 30 rọ̀ sí gbàgede ìṣàfihàn kan ní New York. Òmíràn dúdú, òmíràn pupa. Òmíràn jọ ọkùnrin, òmíràn jọ obìnrin. Inú DNA ẹnìkan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti wá! Probably Chelsea ló pè é. Èmi tí mo máa ń mọ orí mọ̀ pé ìgboyà ńlá ni kí oníṣẹ́ ọnà gbé gbogbo ìméfò rẹ̀ síta báyẹn, pàápàá lásìkò tí àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ti ń fi DNA ya ojú afurasí. Bí a bá pe ọ̀kan péré nínú ọgbọ̀n náà ní òótọ́, aláìṣẹ̀ lè jìyà.

Ní báyìí, kí n tó po amọ̀, mo máa ń mú fọ́tò sọ́wọ́ níwájú oníbàárà, n ó sì fi hàn án: ibi tí mo rí rèé, ibi tí mo máa méfò rèé.